Ẹ̀tù Tí A Kò Wọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé méjèèjì ni ẹ ń retí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ìbọn ni. Ní Àwẹ́, ní Fìdítì, ní Ìlọrà, ní Akínmọ́ọ̀rìn, àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, kò sí oko tí ọ̀yà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò sì sí àdúgbò tí kò ní ọdẹ. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí ni ó dúró láàárín àgbẹ̀ àti ebi. Ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, láti ẹnu ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí ń wọ inú rẹ̀ kò sì ní òṣùwọ̀n mìíràn ju ojú àti àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó mú un dání. Lójú tiwa, èyí kò tó mọ́. A fẹ́ kí a máa wọn ẹ̀tù, a sì fẹ́ kí a máa dán ìbọn wò kí ó tó kan èjìká ènìyàn.

Olùkọ́ tí ó bá ti tọ́jú oko ilé ìwé rí mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀yà kì í jẹ àgbàdo bí ewúrẹ́ ti ń jẹ ẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ìdí igi àgbàdo ni ó ń gé, igi náà yóò wó lulẹ̀, yóò jẹ díẹ̀ lára rẹ̀, yóò sì kọjá sí èyí tí ó kàn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ohun tí àgbẹ̀ yóò bá nílẹ̀ a máa pọ̀ ju ohun tí ẹranko náà gbé mì lọ. Kò dá ẹ̀gẹ́ sí, kò dá ìrèké sí, ọ̀pẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òru ni ó ń jẹun; inú koríko gíga ni ó ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò ní tiwọn a máa hú irúgbìn kí ó tó yọrí, òkété a máa wa ẹ̀pà àti ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, ẹyẹ ẹ̀ga yóò sì kó èyí tí ó kù lókè. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrà ní nǹkan bí ọdún 1960, èrò wọn ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá jáde ilé ìwé yóò máa fi iṣẹ́ oko jẹun bí ọmọlúwàbí. Ètò náà dára. Ọ̀yà ni kò ka ìwé ètò náà.

Tàkúté, ebìtì àti okùn wáyà ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, ajá náà ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀yà tí ó bá ti já okùn lẹ́ẹ̀kan kì í gba ibẹ̀ mọ́. Irú èyí ni ó di ti ọdẹ, tí yóò de iná mọ́ orí, tí yóò sì wọ inú oko ẹlòmíràn lọ lóru, nínú ìrì, nínú ẹ̀gún, nínú ewu ejò. Àwọn àgbà wa ti wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. A kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé nítorí àgbẹ̀ nìkan ni ọdẹ ṣe ń jáde. Ọ̀yà tí ó bá kú, owó ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí ni ó ti rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹni tí ó gba oko sílẹ̀ tọ́ sí ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ń ki ìbọn ṣakabùlà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi kálámù jẹun kò mọ̀ ju ìró rẹ̀ lọ, níbi ìsìnkú ọdẹ tàbí níbi ọdún. Láti ẹnu ìbọn ni ohun gbogbo ti ń wọlé. Ẹ̀tù ni ó ń ṣáájú. Àkísà tàbí háhá àgbàdo yóò tẹ̀ lé e, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọta, àti ìdí mìíràn tí kò ní jẹ́ kí ọta náà yí jáde bí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò. Ẹ̀tù díẹ̀ tàbí ohun mìíràn tí ń tètè gba iná yóò wà ní ìdí, níbi tí òòlù ìbọn yóò ti bà á. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ a máa ṣe é nínú òkùnkùn láìtan iná.

Ibi tí ewu wà ni pé ẹ̀tù kì í ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo. Èyí tí a rà ní ọjà kan lè kúnná ju ti ọjà kejì lọ, èyí tí ó kúnná a sì máa jó kíákíá ju èyí tí ó rí hógohògo. Èyí tí òjò ti ta sí lè kọ̀ láti dún. Èyí tí a sá sí oòrùn lè dún ju bí a ti rò lọ. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin ogún ọdún kò tó ti baba rẹ̀. Ìdérí ìgò tí a ń lò lánàá lè ti sọnù lónìí, kí a sì mú òmíràn tí ó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ pé ìbọn tí kò bá ké rara kò lágbára. Irọ́ gbáà ni. Ariwo kò pa ọ̀yà rí, ọta tí ó tọ́ ni ó ń pa á. Ẹ̀tù tí ó bá pọ̀ ju ohun tí irin lè gbà lọ yóò wá ọ̀nà mìíràn jáde, ọ̀nà náà kò sì jìnnà sí ojú ẹni tí ó di ìbọn mú.

Ohun mìíràn tún wà. Ọdẹ fa ìbọn, ìbọn kò dún. Ẹran ti sá, inú ti bí i, ó padà sílé. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé ìbọn náà sọ́wọ́, kò rántí pé ó ti ní ẹ̀tù nínú, ó sì tún ki òmíràn lé e lórí. Kò ju pé kí a fi ọ̀pá wọn inú ìbọn kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a fín ọ̀pá náà ní ibi tí ó ń dé nígbà tí inú ìbọn bá ṣófo. Bí àmì náà bá yọ síta, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tí ń tẹ̀ lé baba wọn lọ sí ìgbẹ́ ni a kọ́ ọ fún?

Irin náà sì ńkọ́? Ní àtijọ́, láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹnu ìbọn ti ń wá. Ní ayé òde òní, páìpù omi ni àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn ń lò, àwọn mìíràn ń lo ọ̀pá tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n rà níbi tí a ti ń tú ọkọ̀ tí ó ti kú. A kò sọ èyí láti fi àbùkù kan àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe páìpù, omi ni ó ṣe é fún. Kò sí ojú tí ó lè rí ibi tí ó fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀, tàbí ibi tí ìpẹtà ti jẹ. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò bẹ́, ìyẹn kò sọ ohun tí yóò ṣe ní ìgbà kọkànlá.

Ọwọ́ òsì ni ó ń kọ́kọ́ lọ, nítorí òun ni ó di ẹnu ìbọn mú. Bí kò bá jẹ́ ọwọ́, ojú ni. Ẹ wo ọdẹ tí ìka mẹ́ta ti gé lọ́wọ́ rẹ̀: kò lè ro oko mọ́, kò lè gun ọ̀pẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwé yín, ẹ̀yin olùkọ́, ni yóò kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá. Ó lè wí fún àwọn ará ilé pé ọ̀ràn òru ni, pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀tá kan wà tí a lè fi òṣùwọ̀n mú, kí a tó lọ bi babaláwo léèrè èyí tí ó kù.

Ó tọ́ kí a béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìbọn tí a ń ti ẹnu ki ni ó kù sí wa lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo ayé ti fi í sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé àwọn baba wa kò mọ èyí tí ó dára jù. Nígbà ogun Kìrìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893, ìró ìbọn titun tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rà wá láti Èkó ni ó fún ogun náà lórúkọ. Ìdí ni ìbọn náà ti ń gba ọta, ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ sì wà pọ̀ nínú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti wọ̀n láti ilé iṣẹ́. Àwọn òyìnbó rí èyí. Ní 1890, àwọn ìjọba ńláńlá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ pa òwò ẹrú run. Nínú ìwé náà, wọ́n fi òfin de kíkó ìbọn titun àti ọta rẹ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán láìní ìlà, àti ẹ̀tù ọjà lásán, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àṣà ìbílẹ̀ lónìí, ìwé tí a fọwọ́ sí ní Brussels wà lára ohun tí ó dá a dúró síbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń tà á fún wa kò sì jẹ́ fi ẹ̀mí ara wọn tàfàlà bẹ́ẹ̀. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí wọ́n fi ń ṣòwò ní etíkun wa. Ní 1813, ilé aṣòfin wọn fi òfin dá ilé kan sílẹ̀ ní ìlú náà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa dán ìbọn wò lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1637, àti ní Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù láti 1672. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò le. Wọ́n yóò de ẹnu ìbọn mọ́lẹ̀ nínú iyàrá tí ó ní ògiri tí ó nípọn, wọ́n yóò ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju èyí tí ọdẹ yóò lò láéláé sínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò jáde, wọ́n yóò sì ti òde yìn ín. Èyí tí ó bá bẹ́, kò bẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Èyí tí kò bá bẹ́, wọ́n yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yóò sì lu àmì sí i lára. Ẹni tí ó bá ta ìbọn tí kò ní àmì náà di arúfin. Ó ti lé ní igba ọdún tí alágbẹ̀dẹ Birmingham ti ní ilé tí ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Alágbẹ̀dẹ Àwẹ́ kò ní. Èjìká ọdẹ ni ilé ìdánwò tirẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ náà ní ẹranko tí ń bá oko jẹ́. Òkan wà tí ń gbé inú ihò bí òkété, tí ń gbẹ́ ilẹ̀ pápá títí ẹsẹ̀ màlúù yóò fi há sínú rẹ̀; òmíràn wà tí ó jọ ajá, tí ń pa ọmọ àgùntàn. Ìbọn ràìfù ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń lò fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi ọwọ́ ara wọn ki ọta tí wọn yóò yìn. Wọn yóò ṣa ìkòkò idẹ kékeré tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọta tí wọ́n ti yìn, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò fi ohun tíntín tí ń mú iná wá sí ìdí rẹ̀, wọn yóò da ẹ̀tù sí i, wọn yóò sì fi orí ọta dé e. Títí dé ibẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n jẹ́ sí ọdẹ Fìdítì àti ti Ìlọrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń da ẹ̀tù náà. Orí òṣùwọ̀n tí kò tóbi ju àwo lọ ni, wọ́n sì ń fi gíréènì wọ̀n ọ́n, èyí tí 7,000 rẹ̀ kò ju ìwọ̀n pọ́n-ùn kan lọ. Nínú àwọn ọta kékeré tí ó wọ́pọ̀ fún irú ọdẹ yìí, ẹ̀tù tí ó wà nínú ọ̀kan kò tó 30 gíréènì, ìyẹn ni pé kò tó gíráàmù méjì. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀tù ń tẹ ìwé jáde tí ó sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá fún irú ìbọn kọ̀ọ̀kan. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, wọn kì í ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ní irin tí ilé iṣẹ́ ti dán wò ni ó ń bẹ̀rù ẹ̀tù tó báyìí.

Nítorí náà ni a fi fẹ́ sọ ohun kan tí ó léwu ju gbogbo èyí tí a ti sọ lọ, a sì bẹ ẹ̀yin tí ó mọ ọdẹ kan pé kí ẹ kà á sí i létí. Ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ẹ̀tù ṣakabùlà. Ẹ̀tù dúdú ti ọjà, èyí tí ń rú èéfín púpọ̀, ni a dá ṣakabùlà fún. Èyí tí ó wà nínú ọta òde òní kì í rú èéfín bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ sì ju ti dúdú lọ ní ọ̀nà tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó bá tú kátíríìjì tí ó da ohun inú rẹ̀ sí ẹnu ṣakabùlà, nítorí pé ẹ̀tù dúdú wọ́n lọ́jà tàbí pé ó fẹ́ kí ìbọn rẹ̀ lágbára, kò ki ìbọn mọ́. Ohun tí yóò pa á ni ó ń dè mọ́ igi tí ó sì gbé sí èjìká.

Kí ni òfin wí? Òfin ìbọn tí a ṣe ní 1959 ni ó ṣì wà lórí wa. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ràìfù ńlá àti ìbọn àwọn ológun wà nínú èyí tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ láti òkè pátápátá. Ìbọn ọdẹ ti kátíríìjì wà nínú èyí tí a ń gba ìwé àṣẹ lé lórí. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ti ẹnu ki wà ní ọ̀nà kẹta, ìyẹn náà kò sì yọ kúrò nínú gbígba ìwé. Òfin yìí kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn jókòó sí ìdí àgbá rẹ̀ kí ó máa rọ ìbọn tàbí kí ó máa ṣe ọta bí ó ti wù ú. A kò sọ pé kí a pa òfin náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé alágbẹ̀dẹ tí ó mọ̀ pé òun kò ní ìwé yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ọdẹ tí kò ní ìwé yóò fi ìbọn rẹ̀ pamọ́, ohun tí a bá sì fi pamọ́ kò sí ẹni tí yóò gbé e wá fún àyẹ̀wò.

Ìjọba tí ó ń wo ọdẹ bí afura-sí lánàá ni ó tún ń wá a kiri lónìí. Ní January 2020 ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti ilẹ̀ wa kó Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì gbà sínú rẹ̀, ọdẹ ni wọ́n, nítorí pé àwọn ni ó mọ inú igbó. A yìn wọ́n fún èyí. Bí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá gbà pé ọdẹ yẹ ní ẹni tí a ń fi ìṣọ́ ìlú lé lọ́wọ́, kò ha yẹ kí ìpínlẹ̀ náà mọ̀ bóyá ìbọn ọwọ́ rẹ̀ yóò pa ọ̀daràn ni tàbí yóò pa òun fúnra rẹ̀?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn ajínigbé ti gba ojú ọ̀nà, pé ìbọn ti pọ̀ jù nílùú, pé àwa tún ń wá ọ̀nà tí yóò fi dára sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ní Àbújá ní 2006 lórí ìbọn kéékèèké béèrè pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa ṣàkóso rírọ ìbọn ní ilẹ̀ rẹ̀, kí a sì máa lu àmì sí ìbọn lára. Ohun tí a ń béèrè kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìbọn tí a bá dán wò yóò gba àmì àti nọ́ńbà, nọ́ńbà náà yóò wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ti alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́. Ajínigbé kì í wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń yìn lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tún ń fi ìṣẹ́jú kan wá ọ̀pá tí yóò fi ki òmíràn kò lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ń rò pé bí a bá gba ṣakabùlà lọ́wọ́ ọdẹ, ọ̀yà yóò ní sùúrù fún wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wo àwọn oko tí wọ́n ti ń fi oògùn apakòkòrò pa ẹran, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè irú ọbẹ̀ tí wọ́n ń rà lójú títì.

Ọ̀rọ̀ òjé náà kò gbọdọ̀ yẹ̀ wá lójú. Ọta tí a ń lò, òjé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí a yọ́ láti inú bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú. Lórí ààrò ni àwọn mìíràn ti ń yọ́ ọ, nínú ìkòkò tí ó wà nílé, tí ọmọdé jókòó tì wọ́n. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọmọ tí ó lé ní irinwó. Kì í ṣe ìbọn ni ó pa wọ́n. Eruku inú àgbàlá ni. Òjé kò ní òórùn tí a ó fi sá fún un, ọpọlọ ọmọ kékeré sì ni ó ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ní ọmọ ọdẹ nínú kíláàsì rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ yìí rán ọmọ náà sí ìyá rẹ̀: kí yíyọ́ òjé kúrò ní ilé ìdáná, kí ìkòkò rẹ̀ má padà wọ ilé mọ́ láé, kí a sì yọ ọta kúrò lára ẹran dáadáa kí ó tó dé orí iná.

Ohun tí a wá ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́, kí a yan ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, ní kété tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn tí ó mọ̀ nípa ìbọn nínú àwọn ọlọ́pàá yóò wá sí Jọ́bẹ̀lẹ̀, ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà, kí wọ́n sì dán ìbọn àwọn ọdẹ wò bí a ti ń dán an wò ní Birmingham. Kí ẹni tí ó bá gbé ìbọn wá ní ọjọ́ náà má bá ẹ̀wọ̀n pàdé nítorí pé kò ní ìwé. Ìwé náà ni kí ó gbà lọ sílé. Èyí tí ó bá bẹ́ nínú ìdánwò, kí a san owó díẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ẹni tí yóò gbé tirẹ̀ wá. Kí a fún alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára ní ìwé, kí ó lè ṣiṣẹ́ ní gbangba. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ní ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ bá wà, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé Àwẹ́ tí wọ́n bá ń ka ọ̀nà títì àti omi ẹ̀rọ fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè èyí pẹ̀lú. Owó rẹ̀ kò tó ti ọ̀dà tí a fi ń kun ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba ni òṣùwọ̀n. Ọdẹ àtijọ́ ní àdó tí ó ń gbé ẹ̀tù sí, ó sì ní ìwo. Kí Olúọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin pé ìbọn kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní ife kékeré tirẹ̀, tí a gé láti inú ìwo tàbí idẹ, tí a so mọ́ ọn lára, tí kò ní gbà ju ohun tí àgbà ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí ìwọ̀n náà sì kéré ju bí ọ̀dọ́ ti ń fẹ́ ẹ lọ. Ẹni tí ó bá pa ife rẹ̀ mọ́ tí ó tún ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu ẹ̀tù, kí ẹgbẹ́ bá a wí bí wọ́n ti ń bá ẹni tí ó yìnbọn mọ́ ẹran ọ̀sìn wí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ó lè fi bí a ti ń wọn nǹkan hàn wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ kò jìnnà, ní Ọ̀yọ́ ni ó wà; àwọn tí ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń gba iwájú ilé wa kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Òṣùwọ̀n kékeré wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí a ti ń kọ́ kẹ́mísírì. Bí ẹgbẹ́ ọdẹ bá ń ṣe ìpàdé, kí olùkọ́ kan gbé e lọ bá wọn, kí ó gbé iyọ̀ dání, kí ó bu ìkúnwọ́ márùn-ún láti ọwọ́ ọdẹ márùn-ún, kí ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sára pátákó. Iyọ̀ ni kí ó lò. Ẹ̀tù kankan kò gbọdọ̀ wọ inú iyàrá náà, kí ẹni tí ń mu sìgá sì jókòó síta.